Dẹ́kìn afárá sán: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wá ìdí rẹ̀

Bí kíráàkì bá yọ lójú dẹ́kìn afárá ọ̀nà márosẹ̀, ìyẹn pẹpẹ kọnkéré tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé kí wọ́n dí i. Kọngílá á ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ po símẹ́ńtì olómi, wọ́n á dà á sí i, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ gbá a wọnú rẹ̀. Bí owó bá wà, wọ́n á pe àwọn tó ń fi ẹ́pọ́sì, gọ́ọ̀mù tó máa ń le gbagidi, dí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ojú dẹ́kìn á ti jọ̀lọ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò sọ pé kí a má dí kíráàkì. Bí ògiri bá lanu, aláńgbá á wọ̀ ọ́. Omi ni aláńgbá ti afárá, irin inú kọnkéré ló sì ń wá lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe ni kẹ́ ẹ dí ojú tó sán kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó sán an, nítorí ojú tó sán yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tó kù lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo ohun tí ẹ́pọ́sì ń bò mọ́lẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó ti rọ́ sínú kíráàkì ń sọ pé ó ti pẹ́ tó ti sán; etí tó mọ́, tó ṣì mú lọ́wọ́, ń sọ pé kò tíì pẹ́. Kíráàkì tó yí òkúta ká láìgé e sábà máa ń jẹ́ èyí tó sán nígbà tí kọnkéré ò tíì le. Èyí tó gba àárín òkúta kọjá sán lẹ́yìn tó ti le tán. Bẹ́ ẹ bá ti dí i, ẹ ò lè rí ìkankan nínú èyí mọ́. Wàhálà mìíràn tún wà: kíráàkì tó ṣì ń ṣí, tó tún ń pa dé, kò lè bá ẹ́pọ́sì tó le gbagidi gbé. Kọnkéré á tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ dí, owó á sì ti lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé garawa, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tọ kíráàkì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fa ìlà kékeré síbi tí orí rẹ̀ parí sí, ẹ kọ déètì síbẹ̀, ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ wá ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan ṣoṣo, kí òpó àti bíìmù tó wà lábẹ́ hàn níbẹ̀.

Ẹ má kọ́kọ́ sọ pé símẹ́ńtì ló kéré

Kò sí ibi tí dẹ́kìn ti sán ní ilẹ̀ wa tẹ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ: "Wọ́n ti jí símẹ́ńtì ibẹ̀." Lóòótọ́, àwọn kan ń jí símẹ́ńtì, ìwà ibi sì ni. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ìwádìí lọ́nà: dẹ́kìn tí símẹ́ńtì rẹ̀ pọ̀ jù a máa sán ju èyí tí tirẹ̀ mọ níwọ̀n lọ.

Bí símẹ́ńtì bá ti pàdé omi, ooru ló ń mú jáde. Bí símẹ́ńtì bá ṣe pọ̀ tó ni ooru náà ṣe máa pọ̀ tó. Kọnkéré á gbóná, á wú díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tó ṣì gbóná. Nígbà tó bá wá ń tutù, á fẹ́ súnkì. Bíìmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tutù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò ní bá a súnkì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi irin so àwọn méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn èyí, fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi tí kọnkéré ò lò á máa gbẹ kúrò nínú rẹ̀, á sì tún máa súnkì sí i. Kọnkéré dẹ́kìn lè fẹ́ súnkì tó ìdajì mìlímítà ní mítà kọ̀ọ̀kan bó bá gbẹ tán. Bí a bá fà á, nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà péré ní mítà kan ti tó láti fà á já. Kì í ṣe gbogbo ìsúnkì náà ló ń di kíráàkì, nítorí kọnkéré ń fi díẹ̀díẹ̀ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ohun tó bá ń fà á fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, ẹ rí i pé ohun tó ń fẹ́ súnkì fi ìlọ́po márùn-ún ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbà lọ.

Ìdí nìyí tí kíráàkì tó gba ìbú afárá kọjá, láti ẹ̀gbẹ́ kan títì sí èkejì, fi wọ́pọ̀ ju gbogbo irú yòókù lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996 fojú bù ú pé afárá tó ju 100,000 lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn ni dẹ́kìn wọn ti sán báyìí nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun. Ìsúnkì àti ooru tí bíìmù kò jẹ́ kó rí ààyè ni wọ́n tọ́ka sí, kì í ṣe àìtó símẹ́ńtì.

Ẹni tó bá wá gé kọnkéré lára irú dẹ́kìn bẹ́ẹ̀, tó gbé e lọ fọ́ ní ilé àyẹ̀wò, tó rí i pé agbára rẹ̀ tó 40 N/mm² (ìwọ̀n ohun tó lè gbà kó tó fọ́), tó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé "kọnkéré dára, kò séwu," kò tíì dáhùn ohunkóhun. A mọ̀ pé ó lágbára. Ó lágbára, ó sì sán. Ohun tó yẹ kó béèrè ni iye símẹ́ńtì tí wọ́n lò, iye omi tí wọ́n dà sí i, bí kọnkéré ṣe gbóná tó lọ́jọ́ tí wọ́n dà á, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi fún un lómi lẹ́yìn náà.

Ẹ béèrè ìgbà tó sán kẹ́ ẹ tó béèrè ohun tó sán an

Nínú gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ lè béèrè nípa kíráàkì, ọjọ́ orí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Òun ló sì jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà béèrè, torí wọ́n rò pé ojú nìkan ti tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ ọyẹ́ kan. Ilẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, oòrùn ti yọ. Wọ́n ti da kọnkéré láti òwúrọ̀. Bẹ́ ẹ bá wo ojú rẹ̀ ní kété tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, ẹ ó rí omi díẹ̀ tó ń dán lórí rẹ̀. Omi yẹn ni ààbò rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, dídán náà á ti kúrò, ojú kọnkéré á ti di ràkọ̀ràkọ̀, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bíríkìlà á rí i pé tírówẹ̀lì kò yọ̀ dáadáa mọ́, á bu omi wọ́n ọn, á fi tẹ̀ ẹ́ jọ̀lọ̀, ìyẹn náà á sì sọ awọ ojú rẹ̀ di aláìlágbára. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn kíráàkì kúkúrú tí kò gùn ju apá èèyàn lọ, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí wọn kì í sábà dé etí dẹ́kìn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí omi tó ń gbẹ lójú kọnkéré bá ti ń tó kílò kan ní mítà onígun mẹ́rin kan láàárín wákàtí kan, irú sísán yìí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní í ṣe pẹ̀lú tírélà, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìpìlẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹnjiníà tó ya àwòrán.

Ẹ wá wo kíráàkì mìíràn, èyí tó ń tọ ẹ̀yìn irin òkè lọ gbọọrọ, tí àyè tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì sì bá àyè tó wà láàárín irin mu, bóyá 150 tàbí 200 mìlímítà. Ohun méjì ló lè fà á. Bí kọnkéré tútù bá ń rì wálẹ̀ tí irin sì dá a dúró níbi kan, á sán lórí irin náà láàárín wákàtí mélòó kan sígbà tí wọ́n dà á. Bí irin bá sì dípẹtà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìpẹtà náà á gba àyè tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà irin tó jẹ, á ti kọnkéré sókè, á sán án lójú ibẹ̀ kan náà. Bẹ́ ẹ bá ya fọ́tò àwọn méjèèjì, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀. Ọ̀kan fẹ́ kí ẹ tètè dí i kí omi má bàa dé ara irin; èkejì fẹ́ kí ẹ fọ́ kọnkéré ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wo irin, kẹ́ ẹ wá ibi tí iyọ̀ tó ń jẹ irin ti wọlé. Ọjọ́ orí nìkan ló lè kọ́kọ́ là wọ́n lọ́nà fún yín.

Níbo lẹ ti máa rí ọjọ́ orí? Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ ní ibi iṣẹ́, nínú rìsíìtì ọkọ̀ tó gbé kọnkéré wá, nínú fọ́tò àtijọ́, lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Mo ti rí àwọn ẹnjiníà tó ń fi ọ̀wọ̀ ka bébà, tí wọn ò sì ní bi ọdẹ ibi iṣẹ́ léèrè ohunkóhun. Lórí afárá kan, kíráàkì kan gùn ní tààrà, ó gba ìbú dẹ́kìn kọjá níbi tí kò sí òpó lábẹ́ rẹ̀. Ìwé kò sọ nǹkan kan. A wá kí bàbá ọdẹ.

"Bàbá, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ tí wọ́n da apá ibí yìí, ṣé òjò rọ̀ ni?"

"Òjò kọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ló kọṣẹ́ láàárín. Wọ́n jókòó kalẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí òmíràn."

Kọnkéré òwúrọ̀ ti le kí ti ìrọ̀lẹ́ tó dé bá a. Àwọn méjèèjì kò wọra. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ló ṣí. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ì bá tètè sọ fún wa tó bẹ́ẹ̀.

Òkè nìkan kọ́ ni dẹ́kìn ní

Ẹni tó bá rìn lórí afárá nìkan, tó kà kíráàkì, tó lọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ohun funfun tó ṣàn tó sì dì mọ́ abẹ́ dẹ́kìn, omi ti ń gba inú kíráàkì kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń fọ ẹfun inú símẹ́ńtì jáde. Bó bá ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú nínú, irin ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo bóyá kíráàkì òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lójú kan náà. Èyí tó wà lókè níbi tí dẹ́kìn gba orí òpó kọjá lè jẹ́ ẹrù ló fà á, torí ibẹ̀ ni ẹrù ti ń fa ojú òkè. Èyí tó wà lábẹ́ láàárín bíìmù méjì náà lè jẹ́ ẹrù. Èyí tó wà káàkiri láìka òpó tàbí bíìmù sí, ẹ tún padà lọ wo ìsúnkì. Èyí tó rí wúruwùru bí ojú àwọ̀n lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ òkúta yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn òkúta kan wà tí wọ́n ń bá símẹ́ńtì jà nínú kọnkéré, tí wọ́n ń wú tí omi bá wà níbẹ̀. Ní Kalifọ́níà ni Thomas Stanton ti kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 1940.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ìyẹn kóòtà dúdú ojú títì, wá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dẹ́kìn ní Nàìjíríà ló wọ ọ̀dà lórí, ẹ ò sì lè rí kọnkéré rárá. Àṣìṣe méjì ló ń jáde níbẹ̀. Àwọn kan á rí ọ̀dà tó sán, wọ́n á ní afárá ti sán, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tó ti gbó lè sán fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn á rí ọ̀dà tuntun tó ń dán, wọ́n á ní afárá yè. Ẹ ṣí ọ̀dà náà níbi mélòó kan kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀, pàápàá nítòsí oríkèé (àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín apá afárá kan sí èkejì kó lè ráàyè gùn) àti níbi tí omi ti ń dúró. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n kàn máa da ọ̀dà lé ọ̀dà ní gbogbo ìgbà tí kíráàkì bá yọ. Ọ̀dà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 wúwo tó nǹkan bíi kílò 115 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Lórí apá afárá kan tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, tọ́ọ̀nù 23 lẹ ti gbé lé e yẹn, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ láé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ wá kà á.

0.3 mìlímítà kì í ṣe òògùn

Ìwé ìlànà máa ń fún wa ní ìwọ̀n tí kíráàkì kò gbọdọ̀ kọjá, 0.3 mìlímítà ló sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu èèyàn. Bó bá jẹ́ 0.28, "kò séwu." Bó bá jẹ́ 0.32, ìjayà dé. Ìwọ̀n yẹn wúlò fún ẹni tó ń ya àwòrán afárá tí wọn kò tíì kọ́. Fún ẹni tó ń wádìí, kíráàkì 0.2 tó ń gùn sí i lóṣooṣù burú ju 0.5 tí kò mira láti ọdún mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n náà ń wọ̀n ọ́n lódì. Táyà ọkọ̀ ti fọ́ etí kíráàkì lójú òkè, tó fi jẹ́ pé ohun tó jọ mìlímítà kan lókè lè má ju 0.2 lọ ní ìsàlẹ̀ díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, afárá ń gùn, ó sì ń kúrú pẹ̀lú oòrùn. Kọnkéré tó gùn ní mítà 20, bí ara rẹ̀ bá gbóná sí i ní díígírì 15, á fẹ́ gùn sí i ní mìlímítà 3. Ẹni tó wọ̀n kíráàkì ní agogo mẹ́fà àárọ̀ lóṣù tó kọjá, tó wá wọ̀n ọ́n ní agogo méjì ọ̀sán lónìí, tó sì ní "ó ti pa dé, ara rẹ̀ ti ń yá," oòrùn ló wọ̀n.

Ẹ lẹ irin ṣóńṣó méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kíráàkì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kẹ́ ẹ máa wọn àárín wọn ní wákàtí kan náà, kẹ́ ẹ sì máa kọ bí kọnkéré ṣe gbóná tó sílẹ̀. Ẹ ṣe é lábẹ́ afárá bó bá ṣeé ṣe, kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ dúró kí tírélà tó rù kọjá. Bí kíráàkì bá ń ṣí nígbà tí táyà rẹ̀ gun orí yín, tó sì ń pa dé nígbà tó lọ, ẹrù ń mì ín, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti ìsúnkì nìkan.

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo kò tó

Hámà Schmidt tí wọ́n ń gbún mọ́ ojú kọnkéré kì í sọ ohun tó sán dẹ́kìn. Líle ojú òkè nìkan ló ń sọ, ojú tó ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ sì lè fi hàn pé ó le ju inú rẹ̀ lọ. Ṣẹ́ẹ̀nì irin tí wọ́n ń wọ́ lórí dẹ́kìn kò wọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ ó dára gan-an fún wíwá ibi tí kọnkéré ti gbé kúrò lára irin: ibi tó dára á dún gbangba, ibi tó ti là sí ìpele nínú á dún bí ohun tó ní ihò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà tó nípọn bá wà lórí rẹ̀, ó lè tàn yín.

Ìwọ̀n iná mànàmáná ara irin náà ní ààlà tirẹ̀. Ìlànà àyẹ̀wò ASTM C876 ti Amẹ́ríkà sọ pé bí nọ́ńbà bá ti kéré ju −350 mV (mìlífóòtì) lọ, ó ṣeé ṣe ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ pé irin ń dípẹtà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò sọ bí ìpẹtà ṣe ń yára tó, kò sì ní sọ òótọ́ lórí kọnkéré tó gbẹ táútáú. Ẹ fi omi rin ín, kẹ́ ẹ sì wo bí nọ́ńbà ṣe ń yí padà láti ibì kan sí èkejì.

Bó bá kan gígé kọnkéré jáde bí ọ̀pá kúkúrú, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ibi tó dára ni wọ́n máa ń gé, kó má bàa fọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ojú kíráàkì gan-an ni kẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ tún gé òmíràn níbi tí kò sán láti fi wé e. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wá irin mọ ibi tí irin wà. Ẹni tó bá gé wáyà alágbára tí wọ́n fi fa afárá le, ó ti ṣe ibi tó ju kíráàkì tó wá wádìí lọ. Nígbà tí ọ̀pá kọnkéré bá jáde, ẹ wọ́n omi àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní phenolphthalein sí ojú rẹ̀ ní kété tẹ́ ẹ bá là á: ibi tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú ṣì ń dáàbò bo irin, ibi tí kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ wọlé.

Iyọ̀ Kánádà kọ́ ni iyọ̀ Èkó

Ìwé tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ fún ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Níbẹ̀, wọ́n ń da iyọ̀ sórí títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà sì ń gba òkè dẹ́kìn wọlé. Ẹni tó bá mú ìwé yẹn wá sí Èkó láìyí nǹkan kan padà, òkè ni á máa wá iyọ̀ sí. Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n parí ní 1990, orí ọ̀sà ló dúró lé. Omi ọ̀sà yẹn máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń rọ̀ nígbà òjò. Ẹsẹ̀ afárá àti abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá iyọ̀ lọ, àti inú kọnkéré fúnra rẹ̀, torí yanrìn tí wọn kò fọ̀ àti omi tí wọ́n fi pò ó lè ti gbé e wọlé láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ gbẹ́ ìyẹ̀fun kọnkéré ní ìpele ìpele. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lójú tó ń dínkù bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, ìta ló ti wá. Bó bá dọ́gba láti ojú dé inú, inú àpòpọ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, tó jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ tó jẹ kọnkéré tín-ín-rín tó bo irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Nǹkan tún pọ̀ tí kò sí lára dẹ́kìn tó ń sán dẹ́kìn. Oríkèé tí yanrìn àti ìdọ̀tí ti dí kò jẹ́ kí afárá gùn lọ́sàn-án. Rọ́bà tí bíìmù jókòó lé ti le, kò gbà á láyè mọ́. Òpó kan ti rì díẹ̀. Páìpù omi ti dí, omi ń dúró síbi kan ṣáá. Táńkà tó gbé ju ohun tí òfin gbà lọ ń kọjá ní alẹ́. Àti iná: ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná ńlá jó lábẹ́ Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ́n, wọ́n sì ní láti ti afárá náà. Bẹ́ ẹ bá ń wádìí afárá tí àwọn èèyàn ń tajà tàbí ń kó ẹrù sí abẹ́ rẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá iná ti jó rí, pẹ̀lú sùúrù, torí wọn kì í fẹ́ sọ. Kọnkéré tí òkúta rẹ̀ ní irin nínú lè yí padà di pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ooru bá ti kọjá 300 díígírì. Ẹ wá àwọ̀ yẹn kí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀dà funfun kun abẹ́ afárá tó dé.

Ìgbà tí kò sí àyè ìwádìí mọ́

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ ń béèrè sùúrù. Ìgbà kan wà tí sùúrù á di àṣìṣe tó burú jù.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ní Laval, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Montréal ní Kánádà, àwọn awakọ̀ pè pé kọnkéré ń já bọ́ láti ara afárá de la Concorde. Òṣìṣẹ́ kan wá, ó ṣa àwọn èyí tó já bọ́ kúrò lójú títì, ó sì lọ. Nǹkan bíi wákàtí kan sígbà tí ìpè àkọ́kọ́ wọlé, apá kan afárá náà wó. Èèyàn márùn-ún kú, mẹ́fà fara pa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé wọn kò to irin bó ṣe yẹ níbi tí apá tó gbé afárá náà ti parí, nítòsí oríkèé, kọnkéré rẹ̀ kò dára tó fún ilẹ̀ tútù, kò sì sí irin tó ń dènà kí kọnkéré gé sí méjì nínú pẹpẹ kọnkéré tó nípọn náà. Kíráàkì ti ń gbòòrò nínú níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti yẹ afárá náà wò léraléra, wọ́n tilẹ̀ ti tún oríkèé rẹ̀ ṣe ní 1992, tí wọ́n gbẹ́ kọnkéré kúrò lórí irin níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀ dé ìdí.

Ní Miami, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2018, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tuntun kan ti sán gan-an ní ìkángun kan. Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kíráàkì yẹn tó ìlọ́po 40 ohun tí wọ́n sábà ń gbà láyè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ṣèpàdé lórí rẹ̀, àwọn ẹnjiníà tó ya àwòrán rẹ̀ sì sọ pé kò séwu. Títì abẹ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Kó tó di agogo méjì ọ̀sán, ó wó lu ọkọ̀. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Ọkàn mi kì í balẹ̀ nígbà tí mo bá rántí ìpàdé yẹn, torí gbogbo ẹ̀rí ló wà lórí tábìlì.

Nítorí náà, bí kọnkéré bá ti ń já bọ́ sórí títì. Bí kíráàkì bá dagun láti ẹ̀gbẹ́ bíìmù nítòsí òpó. Bí ìdajì rẹ̀ kan bá ti ga ju èkejì lọ, tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n bẹ́ ẹ bá fi pá a. Bí orí rẹ̀ tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sí lánàá bá ti kọjá ibẹ̀ lónìí: ẹ ti títì lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ìdí. Ẹ má dúró de èsì ilé àyẹ̀wò. Ẹ má dúró de ọ̀gá tó wà ní Abuja.

Bẹ́ ẹ bá sì ń kọ ìròyìn, ẹ má ṣe kọ "kí wọ́n máa ṣọ́ ọ" kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú. Ta ni á máa ṣọ́ ọ? Ọjọ́ wo ni á tún padà wá? Kíráàkì wo, ní nọ́ńbà, lójú ibo? Bó bá fẹ̀ dé mélòó ni wọ́n á ti ọ̀nà? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù ẹni tó lágbára láti ti títì sí ojú ìwé kìn-ín-ní, níbi tí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lè rí i kó sì pè é lóru.